Orin Tó Fúyẹ́, Ọjọ́ Tó Ti Lọ: Àgbéyẹ̀wò Ìfanimọ́ra K-pop Aláwọ̀ Àtijọ́

Láàárín àwọn orin tó ń ti Gúúsù Kòríà jáde lọ sí gbogbo ayé, ẹ̀yà kan wà tí kì í pariwo. Ìlù rẹ̀ kì í wúwo, akọrin rẹ̀ kì í ké tagbára-tagbára, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á máa rò pé òun ti gbọ́ ọ rí níbì kan. Dùùrù oníná ti àwọn ọdún 1980, gìtá béèsì tó ń fò sókè-sódò, ìlù dísíkò, àti fídíò tó dà bí èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà àtijọ́ yà nínú ilé: àwọn àmì tí a fi ń dá a mọ̀ nìyí. “Dynamite” ti BTS, “Lilac” ti IU, “Ditto” ti NewJeans àti “Cupid” ti FIFTY FIFTY wà nínú ẹ̀yà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà. Ìbéèrè tó yẹ ká dáhùn ni ìdí tí orin tó gbé àwọ̀ àtijọ́ wọ̀ fi ń wu àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà tí àtijọ́ náà wà láyé.

Tí a bá tú u palẹ̀, ẹ̀ka mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni dísíkò, ìlù ijó tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní ìparí àwọn ọdún 1970. Èkejì ni city pop, orin ìgboro tí àwọn ará Jàpáànù ṣe nígbà tí owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n fi jáàsì, fọ́ńkì àti orin ìfẹ́ pò pọ̀. Ẹ̀kẹta ni new jack swing pẹ̀lú orin ijó ìgbà ooru ti àwọn ọdún 1990. Ẹ̀kẹrin ni house, UK garage àti àwọn ìlù yíyára mìíràn tó ti ilé ijó Chicago, London, Baltimore àti New Jersey wá. Orin ijó ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n àyè wà nínú wọn: ohun èlò kò fún mọ́ra, ohùn akọrin sún mọ́ etí, ara sì lè máa mì sí i láìjẹ́ pé ó rẹ èèyàn.

Orísun ohùn náà

Ilẹ̀ Kòríà fúnra rẹ̀ ni orísun kìn-ín-ní. Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, owó ti ń wọlé sí Seoul. Àwọn ilé alájà gíga ń hù káàkiri ìlú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń di ohun ìní ìdílé, ìlú náà sì gbàlejò Òlíńpíìkì ní 1988. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1989, ìjọba gbà kí ará ìlú lásán máa rìnrìn-àjò afẹ́ lọ sí òkè òkun. Àsìkò yìí ni àwọn olórin tó gbọ́ jáàsì dunjú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìfẹ́ tó tutù, tó sì mọ́ lóló. Yoo Jae-ha, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìhun orin ní Yunifásítì Hanyang, ló kọ àwọn orin tó wà nínú àwo kan ṣoṣo tó ṣe, tó sì to ohun èlò wọn fúnra rẹ̀. Àwo náà jáde ní 1987. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ẹni ọdún 25 ni. Ẹgbẹ́ Bom Yeoreum Gaeul Gyeoul gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1988, Kim Hyun-chul gbé tirẹ̀ jáde ní 1989, ẹgbẹ́ Bit-gwa Sogeum sì tẹ̀ lé wọn ní 1990. Lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí ni orin Kòríà ti kọ́ bí a ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo.

Jàpáànù ni orísun kejì, ọ̀nà tó gbà débẹ̀ sì wọ́. Nítorí ìyà tí Jàpáànù fi jẹ Kòríà nígbà tó ń ṣàkóso rẹ̀ láti 1910 sí 1945, ìjọba Kòríà kò gba orin Jàpáànù láyè ní gbangba títí di 1998, nígbà tí Ààrẹ Kim Dae-jung bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin náà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí city pop fi jẹ́ ohun tuntun pátápátá létí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Kòríà nígbà tí “Plastic Love”, orin Mariya Takeuchi ti 1984, tàn ká YouTube ní nǹkan bí ọdún 2017. Night Tempo, agbórinjáde ọmọ Kòríà, sọ títún àwọn orin Jàpáànù ìgbà yẹn ṣe di iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá ilé wọn náà ní irú rẹ̀, ìwádìí yẹn ló sì mú wọn padà sọ́dọ̀ Kim Hyun-chul àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò pe orin wọn ní city pop nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Orísun kẹta ni àwọn ọdún 1990. Lẹ́yìn tí Seo Taiji and Boys ti yí orin ọ̀dọ́ padà ní 1992, ẹgbẹ́ ijó pọ̀ jántìrẹrẹ. Ẹgbẹ́ Cool fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìgbà ooru di tiwọn pẹ̀lú orin etí òkun. Ilé iṣẹ́ SM gbé S.E.S. jáde ní 1997, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ohùn wọn mọ́ gaara. “Dreams Come True”, tí wọ́n kọ ní 1998, jẹ́ àtúnṣe orin ẹgbẹ́ Nylon Beat ti ilẹ̀ Finland. Ẹgbẹ́ aespa tún un kọ ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Orin kan tó gbéra ní Finland, tó di ìrántí ìgbà èwe ní Seoul, tí ìran mìíràn tún wá gbé wọ̀: ìtàn kékeré yìí fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun tí Kòríà ń pè ní àtijọ́ rẹ̀ ti ní ẹ̀jẹ̀ àjèjì nínú.

Bí ìgbì ṣe ń tẹ̀ lé ìgbì

Ní 2007, Park Jin-young, olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ JYP, gbé “Tell Me” fún ẹgbẹ́ Wonder Girls. Ó yọ díẹ̀ lára “Two of Hearts”, orin Stacey Q ti 1986, ijó rẹ̀ sì rọrùn débi pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lè jó o. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, “Nobody” wọ àwọn ọmọbìnrin náà ní aṣọ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1960. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, orin yìí dé ipò 76 lórí àtẹ Billboard Hot 100, ìgbà àkọ́kọ́ tí orin olórin Kòríà yóò débẹ̀. Àwọ̀ àtijọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Ní 2011, fíìmù “Sunny”, tó sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ obìnrin kan láti àwọn ọdún 1980, fa èrò rẹpẹtẹ, ẹgbẹ́ T-ara sì kọ “Roly-Poly” pẹ̀lú ijó ilé dísíkò. Tẹlifíṣọ̀n gbé iná náà ga sí i. Eré “Reply 1997” jáde ní 2012, “Reply 1988” sì bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Láàárín méjèèjì, ní ìparí 2014, ètò “Infinite Challenge” kó àwọn olórin ọdún 1990 jọ sórí pèpéle kan, orin wọn sì padà sí ẹnu gbogbo èèyàn. IU náà ti gbé àwo kan jáde ní 2014 tí gbogbo orin inú rẹ̀ jẹ́ àtúnkọ orin àwọn àgbà.

Ọdún 2015 mú ọ̀nà mìíràn wá. “View” ti SHINee, tí LDN Noise láti London bá wọn hun, àti “4 Walls” ti f(x), lo ìlù house láìgbé aṣọ àtijọ́ wọ̀. Wonder Girls ṣe àwo tó fi ohùn àwọn ọdún 1980 kún inú bámúbámú lọ́dún kan náà. Nígbà tí ìfẹ́ sí city pop dé, Yubin, tó ti wà ní Wonder Girls, kọ “Lady” ní 2018. Yukika, ọmọ Jàpáànù tó ń kọrin ní Kòríà, kọ “Neon” ní 2019.

Ọdún 2020 ni gbogbo rẹ̀ kún àkúnya. Àrùn Kòrónà ti sé àwọn èèyàn mọ́lé, ìdùnnú sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà ooru ọdún yẹn, ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní MBC so Yoo Jae-suk, Lee Hyori àti Rain pọ̀ di ẹgbẹ́ SSAK3, wọ́n sì kọrin etí òkun bí ti àwọn ọdún 1990. Sunmi kọ orin city pop kan, lẹ́yìn náà òun àti Park Jin-young kọ “When We Disco”. BTS gbé “Dynamite” jáde ní oṣù kẹjọ, dísíkò pọ́ńbélé, orin wọn àkọ́kọ́ tó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀. Ó bọ́ sí ipò kìn-ín-ní lórí Billboard Hot 100, ibi tí olórin Kòríà kankan kò dé rí. Kí ọdún náà tó parí, Twice àti GFriend náà ti wọ inú ijó yìí.

Ní oṣù keje ọdún 2022, NewJeans farahàn lábẹ́ ìdarí Min Hee-jin. Wọn kò kéde pé àwọn máa jáde; fídíò “Attention” ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ rí. “Ditto” tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá, “Super Shy” jáde ní 2023, “Supernatural” sì gbé new jack swing dé Jàpáànù ní 2024. Ní oṣù kejì ọdún 2023, “Cupid”, orin ẹgbẹ́ FIFTY FIFTY láti ilé iṣẹ́ kékeré kan, jáde, ó sì gba orí TikTok dé ipò 17 lórí Hot 100 lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Rosé àti Bruno Mars gbé “APT.” jáde, àwọn ará Kòríà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ “Apateu”, orin tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, tí Yoon Soo-il kọ ní 1982.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìfúyẹ́

Iṣẹ́ kékeré kọ́ ló ń mú kí orin dà bí ohun tó rọrùn. Ìlù ni ìpìlẹ̀. Nínú ẹ̀ka dísíkò, ìlù ńlá máa ń dún déédéé lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, iye ìró rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sì sábà máa ń wà láàárín 110 sí 125, èyí tó bá ìrìn kánmọ́kánmọ́ mu. Gìtá béèsì kì í dúró sójú kan. Òun ló ń kọ orin kejì lábẹ́ orin akọrin. Nínú “Super Shy”, ìlù yára ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn àwọn akọrin ń rìn jẹ́jẹ́ lórí rẹ̀. Ìlù ń sáré, ohùn ń sinmi; ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń fún etí ní ìmọ̀lára pé orin náà ń léfòó.

Ìṣọwọ́tẹ dùùrù ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ do, mi, so tí a ń tẹ̀ pọ̀. Àwọn olórin city pop máa ń fi ti kún mẹ́ta yìí. Ohùn kẹrin yìí kò jẹ́ kí ayọ̀ inú orin parí síbì kan. Ó ń fi ìrònú díẹ̀ sí i. Ìtò kan tún wà tí orin Jàpáànù àti ti Kòríà fẹ́ràn gidigidi: dùùrù á bẹ̀rẹ̀ láti orí fa, á bọ́ sí so, á sọ̀ kalẹ̀ sí mi, á sì balẹ̀ sórí la. Kò tíì dé do, tó jẹ́ ilé. Bí wọ́n bá ń tún ìtò náà gbà léraléra, ẹni tó ń gbọ́ á máa retí ilé tí orin kò tètè dé. Ohun tó ń jẹ́ kí àárò sọ olùgbọ́ nìyí, kódà bí kò bá gbọ́ gbólóhùn kan nínú èdè Kòríà.

Ohùn ohun èlò náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìlù Roland TR-808 jáde ní 1980, dùùrù oníná Yamaha DX7 jáde ní 1983, ìró méjèèjì sì wà nínú àìmọye orin ìgbà náà. Lónìí, àwòkọ wọn wà nínú kọ̀ǹpútà gbogbo agbórinjáde. Ìró dùùrù bíi mélòó kan ti tó láti sọ ọdún tí orin ń tọ́ka sí.

Àwọn tó ń hun orin wọ̀nyí kò sí níbì kan náà. Àwọn ọmọ Sweden ló hun “Cupid”, Ylva Dimberg ọmọ Sweden sì bá agbórinjáde kan tó ń jẹ́ 250 ṣiṣẹ́ lórí “Ditto”. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ 250 yìí. Kó tó di pé NewJeans gbajúmọ̀, ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ppongjjak, orin àwọn àgbàlagbà tí awakọ̀ ọ̀nà jíjìn àti ará ọjà fẹ́ràn, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń fojú rénà. Àwo “Ppong” tó ti ibẹ̀ jáde ní 2022 gba àmì ẹ̀yẹ àwo tó dára jù lọ nínú Korean Music Awards ti 2023. Ppongjjak ń fi ẹkún pamọ́ sínú ìlù ijó. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á gbọ́ ẹkún yẹn lábẹ́ “Ditto”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ijó Baltimore ni ìlù rẹ̀ ti wá.

Ìdí tó fi ń wọ̀ wọ́n lára

Ìdí kìn-ín-ní wà lọ́dọ̀ olùgbọ́ tó gbé láyé nígbà náà. Kòríà wọ gbèsè ńlá ní ìparí 1997, ó sì tọrọ owó lọ́wọ́ àjọ IMF. Ilé iṣẹ́ wó, ọ̀pọ̀ bàbá sì pàdánù iṣẹ́ lọ́sàn-án kan òru kan. Fún àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, orin ìparí àwọn ọdún 1980 sí àárín àwọn ọdún 1990 ń rán wọn létí ọjọ́ tí ọ̀la dá gbogbo èèyàn lójú. Àwọn wọ̀nyí ti di òbí báyìí, wọ́n lówó láti ra àwo, ọmọ wọn sì ń gbọ́ orin náà lọ́wọ́ wọn.

Ìdí kejì wà lọ́dọ̀ ọ̀dọ́ tí kò bá ìgbà náà. Kò ní ohun kan láti rántí níbẹ̀, síbẹ̀ àárò ń sọ ọ́. Ìdíje ìdánwò, owó ilé tó ga fíofío ní Seoul àti fóònù tí kì í dákẹ́ ló kún ayé rẹ̀. Ayé inú fídíò àtijọ́ kò ní fóònù ọlọ́gbọ́n. Ọ̀rẹ́ ń dúró de ọ̀rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà. Fídíò “Ditto” mọ èyí dájú. Ọmọbìnrin kan ń fi kámẹ́rà ya ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún, olùwòran kò sì ní lè sọ bóyá wọ́n wà lóòótọ́ tàbí ọkàn ọmọ náà ló dá wọn. Ohun tó ń ṣe ọ̀dọ́ sí àtijọ́ gan-an ni wọ́n yà.

Ìdí kẹta ni ìsinmi. Láti ìparí àwọn ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ K-pop mú orin alágbára lọ́kùn-únkúndùn: ìlù tó ń já lu ara wọn, ègbè tí wọ́n ń pariwo, ìtàn ẹgbẹ́ tó díjú bí ìwé ìtàn àròsọ. Orin fífúyẹ́ kò béèrè pé kí olùgbọ́ mọ ìtàn kankan. Ó ṣeé gbọ́ nínú ọkọ̀, ó ṣeé gbọ́ nídìí iṣẹ́, ẹni tí kò fẹ́ràn K-pop náà lè gbà á láyè.

Ìdí kẹrin ló jinlẹ̀ jù. Àwọn Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èyí tó dára jù nínú àwọn orin yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. “Lilac” dún bí ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n IU ń dágbére fún àwọn ọdún èwe rẹ̀ nínú rẹ̀. “Apateu” ti Yoon Soo-il jẹ́ orin tí èrò ń ké ní pápá ìṣeré pẹ̀lú ayọ̀, bẹ́ẹ̀ ìtàn ẹni tó dé ilé olólùfẹ́ tó bá a lófìfo ló wà nínú rẹ̀. Ayọ̀ tí kò ní ìbànújẹ́ kankan nínú kì í pẹ́ sú etí.

Àríwísí

Àwọn kan ń sọ pé àfarawé lásán ni. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú. Lẹ́yìn 2020, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rí i pé dísíkò ń tà, wọ́n sì gbé àwọn orin jáde tí kò ní ju dùùrù àtijọ́ àti fìlà aláwọ̀ mèremère lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ọdún 1985 rọrùn láti rà. Orin aládùn bíi ti Yoo Jae-ha kò sí lọ́jà.

Àríwísí kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Àwọn ọdún 1980 tí fídíò ń fi hàn bí ìgbà ìdùnnú jẹ́ ìgbà tí ológun Chun Doo-hwan wà lórí àlééfà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1980, ọmọ ogun pa àwọn ará ìlú ní Gwangju. Ìjọba ń yẹ orin wò kó tó jáde, olórin sì ní láti fi orin kan tí ìjọba kà sí orin ìwà rere kún àwo rẹ̀. Lẹ́yìn ìwọ́de ńlá oṣù kẹfà ọdún 1987 ni òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Olórin Jung Tae-choon ja ìjà pípẹ́ kí àyẹ̀wò ìjọba lórí orin tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1996. Orin fífúyẹ́ kì í sọ nǹkan wọ̀nyí. Ojúṣe eré bíi “Reply 1988” àti ti ìwé ìtàn ni láti sọ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jó sí àtijọ́ ní láti mọ̀ pé apá kan ìgbà náà nìkan ni orin gbé wá.

Àríwísí kẹta ni pé ẹ̀yà orin yìí gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà láìdárúkọ wọn. Dísíkò, house, new jack swing àti orin ilé ijó Baltimore, ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹ̀tọ́ ni kí ẹni tó ń gbádùn “Ditto” tàbí “Dynamite” mọ èyí, kí àwọn tó ń kọ̀wé nípa K-pop sì máa sọ ọ́ ní gbangba.

Ìdájọ́

Nígbà tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun kan dúró gbọn-in. Aṣọ àtijọ́ ń mú kí èèyàn yíjú wo orin, ṣùgbọ́n orin aládùn àti ìbànújẹ́ tó fara sin ló ń mú kó dúró tì í. “Tell Me”, “Lilac” àti “Ditto” ṣì ń wọ ara nítorí pé bí a bá bọ́ aṣọ àti fídíò kúrò lára wọn, tí ẹnì kan sì fi gìtá lásán kọ wọ́n, orin ṣì kù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó jáde láti fi tẹ̀ lé ọjà kò ní ohun tó kù.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fi etí ara rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, kó kọ́kọ́ gbọ́ àwo Yoo Jae-ha ti 1987, kó gbọ́ ti Kim Hyun-chul ti 1989 tẹ̀ lé e, kó tó wá padà sí IU àti NewJeans. Á gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ jogún, á sì mọ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá.